Ọmọ yín ń lọ kàwé lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀: ẹ má lé e, ẹ má sì ra ìdánwò fún un

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ìjà ọkọ àti ìyàwó. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ẹni tó bá lọ́mọ tó ń ṣe ìdánwò lọ́dún yìí, kó fara balẹ̀ ka èyí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó ní kí ọmọ náà kà á sí òun létí.

Lẹ́tà kan ló fà á. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló ní kí ẹnì kan bá òun kọ ọ́. Ó ní ọmọkùnrin òun wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní sẹ́kọ́ńdírì, ìdánwò WAEC sì ti sún mọ́lé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní físíìsì ló ń bà á lẹ́rù jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọmọ á gbé báàgì kọ́ apá, á ní òun ń lọ bá àwọn ẹgbẹ́ òun kàwé. Ìyá ò mọ̀ bóyá ìwé ni àbí ìranù. Ibi tó ti ń rò ó lọ rò ó bọ̀ ni ọkùnrin kan ti wá bá a ní ìsọ̀. Onítọ̀hún ní bí ìyá bá lè wá owó kan sílẹ̀, àwọn á "ran ọmọ náà lọ́wọ́" lọ́jọ́ ìdánwò, ọmọ ò sì ní fìdí rẹmi. Ìyá wá béèrè pé: "Ọmọ mi, nínú ìrànlọ́wọ́ méjèèjì yìí, èwo ni kí n gbà?"

Ìyá mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo fẹ́ dá yín lóhùn lójú gbogbo ayé, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n pe méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ wọn ò jọra. Ọ̀kan ń fi ọgbọ́n sínú ọmọ. Èkejì ń fi ọmọ sínú wàhálà.

KÍ LÓ Ń JẸ́ FÍSÍÌSÌ?

Ká tó débi kankan, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ọmọ ń kà. Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé físíìsì jẹ́ nǹkan òyìnbó tó le koko bí ojú ẹja. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Físíìsì ni ìmọ̀ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́: bí ohun kan ṣe ń fa òmíràn, bí ooru ṣe ń rìn, bí ìmọ́lẹ̀ àti ìró ṣe ń dé ojú àti etí wa, bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Ẹ̀yin gan-an ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ẹ ń dé ìkòkò ọbẹ̀ kí ooru má baà sá lọ, kí gáàsì má baà tètè tán. Físíìsì nìyẹn. Káfíńtà ń fi ìdí òòlù tó là sí méjì yọ ìṣó; bí ọwọ́ òòlù bá ṣe gùn tó ni ìṣó ṣe ń rọrùn yọ tó. Físíìsì nìyẹn. Ẹ bu omi sínú ìkòkò amọ̀, ó tutù láìsí ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ ni pé omi díẹ̀díẹ̀ ń jò wá sára ìkòkò, atẹ́gùn ń gbé e lọ, bí omi yẹn ṣe ń lọ ló ń gbé ooru inú ìkòkò dání.

Ẹ gbọ́ ná. Olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa níhà Àríwá, Mohammed Bah Abba lorúkọ rẹ̀, mú ọgbọ́n ìkòkò amọ̀ yìí, ó ki ìkòkò kékeré bọ inú ìkòkò ńlá, ó da iyanrìn tútù sáàárín méjèèjì, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Ìgbá tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Tòmátò àti ata lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́dún 2000, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex, ẹ̀bùn tí gbogbo ayé mọ̀. Ìkòkò àti iyanrìn náà ni o! Ẹ̀yin aláta tí òjò àti oòrùn ń ba ọjà yín jẹ́, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ físíìsì kàn yín.

Ó kan ọmọ yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá fẹ́ di dókítà tàbí ẹnjiníà, kò lè fo físíìsì. Bó bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn yunifásítì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á tì pa mọ́ ọn lójú. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà wọ́n, ìdí nìyí náà tí àwọn ọkùnrin olówó-ẹ-wá fi ń rí yín bá sọ̀rọ̀.

MO LỌ WÒ WỌ́N NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ KÁFÍŃTÀ

Nítorí lẹ́tà ìyá eléèlùbọ́, mo lọ jókòó ti àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń jọ kàwé. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni wọ́n ń lò lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Wọ́n mẹ́rin: ọmọkùnrin káfíńtà fúnra rẹ̀, ọmọkùnrin wẹ́dà tó ń jó irin, ọmọbìnrin ìyá tó ń ta ẹja inú yìnyín, àti ọmọbìnrin télọ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, ọmọ ilé ìwé ni wọ́n.

Wọ́n fi kàn-àn-pá kun pákó kan dúdú, chalk wà nílẹ̀, iná tí wọ́n ti gba agbára sí lọ́sàn-án wà lórí bẹ́ǹṣì. Fóònù kan ṣoṣo ló wà lójú tábìlì, aago inú rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Àwọn yòókù wà nínú páálí kan tí káfíńtà ń ṣọ́.

Òfin mẹ́ta ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Àkọ́kọ́: kí kálukú ti ka iṣẹ́ ọjọ́ náà nílé kó tó wá. Èkejì: ẹni tí iṣẹ́ bá kàn ló máa dúró síwájú, táá kọ́ àwọn tó kù. Ẹ̀kẹta: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Ọmọ wẹ́dà ni orí rẹ̀ pé jù nínú wọn ní kíláàsì. Òun ni iṣẹ́ kàn lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀. Ó dúró, ó ka ìyàtọ̀ tó wà láàárín "mass" àti "weight" lórí wéréwéré bí ẹni ń ké ewì. Ẹnu mi là sílẹ̀. Ni ọmọ ẹlẹ́ja bá nawọ́ sókè.

Ó ní: "Dúró ná. O ní 'weight' ni bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan tó, newton la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n màmá mi tó ní sípíríǹgì, tá a bá fi ẹja kọ́ ọ, ilẹ̀ ló ń fa ẹja yẹn wálẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n wá kọ kílò síbẹ̀?"

Kẹ́kẹ́ pa! Ọ̀gá tó ń kọ́ni la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Ó tún un kà bó ṣe wà nínú ìwé, ọmọ ẹlẹ́ja ní òun ò sọ pé kó kà á, òun ní kó ṣàlàyé. Ọmọ wẹ́dà jókòó, ó gbé orí lé ọwọ́.

Wọ́n jà á fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ télọ̀ ló kọ́kọ́ rí ojú ọ̀nà. Ó ní alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà níwájú ilé àwọn ní òṣùwọ̀n alápá méjì: wúrà lápá kan, òkúta ìwọ̀n lápá kejì. Ó ní, "Tá a bá gbé méjèèjì lọ sínú òṣùpá ńkọ́?" Wọ́n ti kà á pé agbára tí òṣùpá fi ń fa nǹkan kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé lọ.

Ni ọmọ ẹlẹ́ja bá pariwo pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ó ní: "Lórí òṣùpá, sípíríǹgì màmá mi á fò sókè, ẹja kílò mẹ́fà á fi kílò kan hàn. Òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ ò ní yí padà, torí bí wúrà ṣe fúyẹ́ náà ni òkúta á ṣe fúyẹ́. Ẹja ò dín kù o! Ohun tó wà nínú ẹja ni 'mass'. Fífà tí ilẹ̀ ń fà á ni 'weight'. Fífà yẹn ni sípíríǹgì ń wọ̀n, àmọ́ torí pé bákan náà ni ilẹ̀ ṣe ń fà á jákèjádò ọjà, wọ́n kúkú kọ kílò síbẹ̀ fún àwọn oníbàárà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ wẹ́dà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó kọ ọ́ sára pákó ní Gẹ̀ẹ́sì bí WAEC ṣe ń fẹ́ ẹ, ó fi kún un pé ẹja kílò kan, ilẹ̀ ń fi bíi newton mẹ́wàá fà á. Gbogbo wọn dà á kọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé jù rí i pé ohun tó há sórí kò tíì yé òun. Ẹni tí wọ́n rò pé kò mọ̀wé mú òye wá láti ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Ká ní kálukú wọn jókòó sí yàrá tirẹ̀ ni, ọ̀kan á máa há, èkejì á máa sunkún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

ÀGÁDÁGODO TÓ Ń FÌ

Ìdánwò físíìsì ò mọ sí ti ẹnu nìkan. Práátíkà wà níbẹ̀, níbi tí ọmọ á ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, táá wọ̀n ọ́n, táá kọ ọ́ sílẹ̀, táá ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé onílà. Ilé ìwé míràn ò ní irinṣẹ́ tó pọ̀. Ṣé kí ọmọ wá káwọ́ lẹ́rán ni?

Ọmọ káfíńtà ló dáhùn ìyẹn. Orí ìwé ò yá a tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ó so òwú mọ́ àgádágodo, ó fi ìṣó kọ́ ọ sára igi àjà, ó fi tépù bàbá rẹ̀ wọ̀n ọ́n: láti ìdí ìṣó dé àárín àgádágodo jẹ́ mítà kan gééré. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Àgádágodo ń lọ, ó ń bọ̀. Ọmọ télọ̀ ń kà á, ọmọ wẹ́dà ń wo aago. Àlọ àti àbọ̀ ogún gba 40 ìṣẹ́jú-àáyá.

Wọ́n yọ àgádágodo kékeré, wọ́n so ńlá mọ́ ọn, òwú ṣì jẹ́ mítà kan. Ẹ̀mí mi ní á yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò yára! 40 náà ni. Wọ́n wá gé òwú kù sí sẹ̀ǹtímítà 25, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ogún àlọ àti àbọ̀ gba 20 ìṣẹ́jú-àáyá, ìdajì àkọ́kọ́. Bí nǹkan ṣe wúwo tó kò kàn án, bí òwú ṣe gùn tó ló kàn án. Bàbá káfíńtà tó ti di ilé iṣẹ́ rẹ̀, tó ní òun fẹ́ máa lọ, ló dúró tì wá. Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó kọ ọ́ sára pákó. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wo agogo ògiri tó ń fì, òun ò mọ̀ pé ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Òwú àti àgádágodo. Eélòó ni? Mo bi ọmọ káfíńtà bóyá ẹ̀rù práátíkà ṣì ń bà á. Ó ní, "Bùọ̀dá, ti ìyẹn ti tán. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn wọ̀nyí."

Ti ọmọ télọ̀ tún wà níbẹ̀. Òun ló kọ́ wọn ní ìṣirò iná. Ó ní àyọ́ọ̀nù tó bá jẹ́ watt 1,000, tí wọ́n bá fi lọ aṣọ fún wákàtí kan gbáko tí kò sinmi, yúníìtì kan ló jẹ. Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ watt 100 á tàn fún wákàtí mẹ́wàá kó tó jẹ yúníìtì kan náà. Ó ní ìyá òun ti wá ń kó aṣọ tó fẹ́ lọ̀ jọ pọ̀, kó lè lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kó máa tan àyọ́ọ̀nù ní gbogbo ìgbà. Ṣé ẹ rí i pé ọmọ tó ń kàwé ti ń dín ìnáwó ìyá rẹ̀ kù?

YORÙBÁ NI WỌ́N FI Ń ṢÀLÀYÉ

Òbí míràn á ní, "Yorùbá ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ, ìwé wo ni wọ́n wá ń kà?" Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ ọ́, lóòótọ́, àmọ́ ohun tí kò bá yé ọmọ ní èdè ìyá rẹ̀, há ló máa há a.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ mìíràn ka iṣẹ́ wọn ní Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wò ó, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ọmọ ń fi Yorùbá jiyàn lórí iná àti ooru, ẹ fi í sílẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe.

ÌBÉÈRÈ TÍ WỌ́N FI RẸ́RÌN-ÍN

Òfin wọn kẹta, pé kí wọ́n má fi ìbéèrè ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ló wù mí jù. Ó rán mi létí ọmọ ilé ìwé kan ní orílẹ̀-èdè Tanzania, Erasto Mpemba. Lọ́dún 1963, wọ́n ń ṣe áísíkirìmù nílé ìwé wọn. Wọ́n á se mílíìkì àti ṣúgà, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á wá gbé e sínú fíríìsà. Mpemba rí i pé ààyè fẹ́ tán, ó gbé tirẹ̀ sínú rẹ̀ ní gbígbóná. Nígbà tí wọ́n padà dé, tirẹ̀ ti dì, ti ẹnì kejì tó kọ́kọ́ tutù kò tíì dì.

Ó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́, wọ́n ní ojú rẹ̀ ló ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta áísíkirìmù nílùú Tanga ló sọ fún un pé bí àwọn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kó lè tètè dì. Ẹ gbọ́ o, ọlọ́jà ló kọ́kọ́ gbà á gbọ́! Nígbà tó dé ilé ìwé gíga, ó tún béèrè, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí onímọ̀ físíìsì kan láti yunifásítì, Denis Osborne, wá sọ̀rọ̀ nílé ìwé wọn, ọmọ náà tún dìde béèrè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Osborne ò rẹ́rìn-ín. Ó padà lọ dán an wò. Lọ́dún 1969, òun àti Mpemba jọ kọ ọ́ jáde, orúkọ Mpemba ni ayé sì fi ń pe ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìgbà tó máa ń rí bẹ́ẹ̀ àti ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún lè fi orúkọ ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín mọ́.

Bí ọmọ yín bá wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ tí kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ máa dúpẹ́. Níwájú olùkọ́ tó ní ọgọ́rin ọmọ nínú kíláàsì, ó lè máà lè nawọ́ sókè. Lórí bẹ́ǹṣì káfíńtà, á béèrè.

ÈYÍ TÍ WỌ́N Ń TÀ

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó wá bá ìyá eléèlùbọ́ ní ìsọ̀. Kí ló ń tà gan-an? Òun ni àwọn ọmọ ń pè ní ẹ́kísípò. Ìdáhùn ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí fóònù, tàbí kí wọ́n kó ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní "miracle centre", níbi tí ẹni tó ń ṣọ́ wọn á ti gbójú sápá kan. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín rèé.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn ayédèrú ni. Ìdáhùn tí wọ́n ń tà kì í ṣe ti ìbéèrè tí ọmọ máa bá níbẹ̀. Ta lẹ fẹ́ lọ fi sun? Ọlọ́pàá kẹ̀? Ẹ ó ṣe wí?

Lẹ́ẹ̀kejì, WAEC máa ń di èsì ìdánwò mú, ó sì máa ń fagi lé e. Bí ọmọ méjìlá bá kọ ìdáhùn kan náà, tó fi mọ́ àṣìṣe kan náà, ẹni tó ń máàkì ò fọ́jú. Ìjọba sì ti ṣòfin lórí màgòmágó ìdánwò lọ́dún 1999. Ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn wà níbẹ̀, fún ọmọ tó ṣe é àti fún àgbàlagbà tó bá a dáràn.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Ẹ sọ pé ó bọ́ sí i, ọmọ gba èsì tó dára, ó wọ yunifásítì. Wọ́n gbé òwú àti irin lé e lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n bí ẹni wo ère. Ọmọ ọdún kan á lọ, á padà wálé. Owó ẹ́kísípò ti lọ, owó ilé ìwé ti lọ, ọdún ti lọ. Bó bá sì wá rá pálá jáde ńkọ́? Ṣé irú ẹnjiníà bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kó kọ́ afárá tẹ́ ẹ máa gbé ẹrù ọjà gbà kọjá? Ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Ìrànlọ́wọ́ ló wà kí ìdánwò tó dé. Tí wọ́n bá ti wọ inú gbọ̀ngàn, ó parí. Kí wọ́n jọ kọ́ ara wọn fún oṣù mẹ́ta, ọlá ni. Kí ọ̀kan yọjú wo ìwé èkejì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, olè ni. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó fún un ní ọgbọ́n nígbà tí ọgbọ́n ṣì ń wọlé.

OHUN TÍ ÒBÍ LÈ ṢE

Mi ò ní kẹ́ ẹ kàn fọwọ́ lẹ́rán o. Ìpàdé míràn wà tó jẹ́ ìranù lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká là á kalẹ̀.

Ẹ mọ ibi tí ọmọ ń lọ àti àwọn tó ń bá kàwé. Ẹ yọjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìsọ fún wọn. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ wà níbẹ̀, kí ó jẹ́ gbangba, ibi tí àgbàlagbà ń kọjá: ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlá. Kí wọ́n má ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Bí wọ́n bá ti di mẹ́wàá, ayẹyẹ ni, kì í ṣe ìwé mọ́.

Ẹ fún wọn ní iná àti ibi ìjókòó bí ẹ bá ní in. Ìyá tó ní bẹ́ǹṣì méjì ti ran ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́. Láàárín wákàtí méjì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọmọ níṣẹ́. Pàápàá ọmọbìnrin, ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń gé ata, òun ló ń pọnmi, òun ló ń gbé àbúrò pọ̀n. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò bí ọmọkùnrin ni.

Ẹ ní kí wọ́n wá ìwé ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá, kí wọ́n máa fi aago ṣe é bí ẹni wà nínú ìdánwò, kí wọ́n sì gba ìwé ara wọn máàkì. Ibi tí gbogbo wọn bá ti jiyàn tí kò yanjú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ bá olùkọ́. Nítorí ọmọ mẹ́rin lè fẹnu kò lórí àṣìṣe, kí wọ́n sì máa yọ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ìyá tí kò rí ilé ìwé rí lè ṣe é. Bí ọmọ bá dé ní alẹ́, ẹ bù ú lóúnjẹ, kẹ́ ẹ ní: "Kí lẹ kà lónìí? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi." Kó fi Yorùbá ṣe é. Bó bá ní kò lè yé yín, ẹ ní kó gbìyànjú. Ẹ béèrè "kí ló fà á?" lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá lè fi ìkòkò yín, òṣùwọ̀n yín àti àyọ́ọ̀nù yín ṣàlàyé títí tó fi yé yín, ó mọ̀ ọ́n nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè gbà á lórí rẹ̀. Bí ó bá ń kólòlò, ẹ má lù ú, ẹ má bú u. Ẹ ní kó padà lọ bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́la.

Ìyá mi eléèlùbọ́, ìdáhùn mi rèé. Ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Bó bá tún yọjú sí ìsọ̀ yín, ẹ ní ọmọ yín ti rí àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ kó fún un, ẹ fi ra ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan, òwú, tépù, àti gààrí tí àwọn ọmọ mẹ́rin á mu nírọ̀lẹ́. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ náwó lé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí àwọn ọmọ àdúgbò yín bá ń jọ kàwé, ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí àwọn ará ibòmíràn lè rí i kọ́. Bí ẹ bá sì ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣófo lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ lè fi ṣe. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ wa á yege o.